Ẹyọ àti Ọ̀pọ̀: Ọ̀rọ̀-Ìṣe Gẹ̀ẹ́sì Lẹ́nu Ọmọ Rẹ́mọ

Ẹni tí ó bá kọjá ní ẹ̀gbẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní òwúrọ̀, ìbáà ṣe ní Ṣàgámù, ìbáà ṣe ní Ìkẹ́nnẹ́ tàbí ní Ìsarà, kò ní í pẹ́ kí ó tó gbọ́ tí àwọn ọmọ ń fi ohùn kan ké pé: "I go, you go, he goes, we go, you go, they go." Ohùn wọn a máa lọ sókè, a sì máa bọ̀ nílẹ̀, bí ẹni tí ń sun ìjálá. Ìlà mẹ́fà ni ohun tí wọ́n ń ké. Márùn-ún bára mu; ẹyọ kan ṣoṣo ni ó ní ìrù. Ìrù kékeré yìí, lẹ́tà "s" kan péré, ni ó ń gba tàdáwà pupa lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ lójoojúmọ́. Ọmọ tí ó ké e láìtàsé ní òwúrọ̀ yóò jókòó kọ àròkọ ní ọ̀sán, "My father go to farm every day" ni yóò sì kọ. Olùkọ́ yóò fa ìlà sí abẹ́ "go", yóò sì kọ ọ́ sí etí ìwé pé àìfarabalẹ̀ ni.

Ìdájọ́ yìí kò tọ̀nà. Bí ó bá ṣe pé àìfarabalẹ̀ ni, àṣìṣe ọmọ kan ìbá yàtọ̀ sí ti èkejì, nítorí ẹni tí kò fara balẹ̀ lè fi ẹsẹ̀ kọ níbikíbi. Ṣùgbọ́n ojú kan náà ni àwọn ọmọ wọ̀nyí ti ń fi ẹsẹ̀ kọ, láti ìran dé ìran. Ohun tí ó bá ń gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ṣubú ní ojú kan náà, gbòǹgbò ni, ó sì yẹ kí a wú ilẹ̀ ibẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré ní ilẹ̀ Rẹ́mọ. Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ẹni tí ìjọba rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní oṣù kìíní ọdún 1955. Ní Ìkẹ́nnẹ́ kan náà ni Táí Ṣólàrín àti aya rẹ̀, Sheila, ti dá ilé-ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní 1956. Remo Secondary School sì ti wà ní Ṣàgámù ṣáájú rẹ̀, láti 1946. Ilẹ̀ tí ó fi ọmọ fún ìwé tó báyìí mọ ohun tí ìwé ẹ̀rí jẹ́. Ọmọ tí ó bá jókòó fún ìdánwò àjọ WAEC, tí a dá sílẹ̀ ní 1952, tí kò sì rí kírẹ́dìtì gbà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọgbọ́n ìṣirò àti ti sáyẹ́ǹsì tí ó ní kò tó láti mú un wọ yunifásítì. Ìrù tí a ń wí yìí wà lára ohun tí ó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ síta.

Àwọn kan ti sọ ọ́, a sì ń gbọ́ ọ títí di òní nínú yàrá àwọn olùkọ́, pé Yorùbá kò ka ẹyọ àti ọ̀pọ̀ sí, pé èdè náà kò ní gírámà fún un. Kí ẹni tí ó bá ń sọ bẹ́ẹ̀ lọ sí ìsọ̀ olóbì. Òwò obì ti sọ Ṣàgámù di olókìkí dé ilẹ̀ Haúsá, kò sì sí ìyá olóbì kan tí yóò gba owó obì kan lé obì mẹ́wàá nítorí pé ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ kò yí padà. "Obì wà" ni yóò wí bí ó bá ku ẹyọ kan ṣoṣo. "Obì wà" náà ni yóò wí bí apẹ̀rẹ̀ bá kún. Ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ kí oníbàárà mọ̀ pé wọ́n pọ̀, ọ̀nà kò há mọ́ ọn. Yóò ní "àwọn obì wọ̀nyí", yóò ní "obì ńláńlá", tàbí kí ó kúkú dá iye rẹ̀. "Ilé ńlá" a máa di "ilé ńláńlá". "Ọmọ kékeré" a máa di "ọmọ kéékèèké". Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe kan tilẹ̀ wà tí wọn kò gba olùwà kan ṣoṣo: ẹnì kan kì í tú ká, ẹnì kan kì í sì í ṣùjọ. Ohun tí Yorùbá kò ṣe ni pé kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀-ìṣe tún ru ẹrù tí olùwà ti rù délé. "Ọmọ náà lọ", "àwọn ọmọ náà lọ." "Àwọn" ti sọ ọ́ tán, "lọ" kò sì rí ìdí tí òun yóò fi tún un sọ.

Gẹ̀ẹ́sì a máa sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ìbá sì rọrùn bí ó bá ṣe pé ní gbogbo ìgbà ni ó ń sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Láyé àtijọ́, ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì a máa yí ìparí rẹ̀ padà fún oríṣiríṣi olùwà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìparí wọ̀nyí ti já dànù láàrin ẹgbẹ̀rún ọdún, ó wá ku "s" yìí fún ẹni kẹta ẹyọ, àti ìwọ̀nba ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin "is" àti "are", "was" àti "were". Ògiri kan ṣoṣo ni, tí ó dúró lẹ́yìn tí ilé ti wó. Ènìyàn lè ṣèbẹ̀wò sí ògiri bẹ́ẹ̀, kí ó sì yẹ́ ẹ sí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tí ọgbọ́n orí yóò júwe ọ̀nà rẹ̀ fún àlejò.

Èyí tí ó burú jù ni pé lẹ́tà kan náà ń ṣe iṣẹ́ méjì tí ó takora. "Book" di "books": "s" wí pé wọ́n pọ̀. "Go" di "goes": "s" wí pé ẹnì kan ni. Ọmọ tí ó bá kọ "The boys plays" kò sùn nínú kíláàsì rárá. Ó ti gbọ́ pé "s" ni àmì ọ̀pọ̀, ó sì fi í sí ibi méjèèjì kí wọ́n lè bára mu. Ìrònú rẹ̀ mọ́gbọ́n dání ju òfin tí a fi ń dá a lẹ́jọ́ lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti "Everybody are here." "Gbogbo ènìyàn" ni ó wà lọ́kàn ọmọ, ta ni yóò sì pe gbogbo ènìyàn ní ẹnì kan? Òfin Gẹ̀ẹ́sì ń wo "body" tí ó wà ní ìdí ọ̀rọ̀ náà, ọmọ ń wo èrò tí ó kún inú gbọ̀ngàn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti jinlẹ̀ jù lọ ni ibi ọ̀wọ̀, ibẹ̀ sì ni àwọn ìwé gírámà ilé-ẹ̀kọ́ kì í fẹ́ dé. Nínú Yorùbá tí a fi ń kọ ìwé, "ó" jẹ́ ti ẹyọ, "wọ́n" jẹ́ ti ọ̀pọ̀. Bàbá ẹni jẹ́ ẹyọ, síbẹ̀ "wọ́n" ni bàbá ẹni. "Bàbá ń bọ̀, wọ́n ní kí a dúró." Ẹnì kan ni ó ń bọ̀ yẹn. Ọmọ tí ó bá kọ "My father are coming" lè jẹ́ ẹni tí kò mọ òfin. Ó sì lè jẹ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kọ̀ láti fi "is" tí a ń lò fún ajá àti ewúrẹ́ kan bàbá rẹ̀. A ti kọ́ ọ nílé pé ipò ni "wọ́n" ń kà níbẹ̀, kì í ṣe iye. Nígbà tí ó dé ilé-ẹ̀kọ́, kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé ó ti dé ibi tí "they" kì í ti í ka ipò.

Wọn a sì máa kọ́ni bí ẹni pé Gẹ̀ẹ́sì kò ṣe irú rẹ̀ rí. Ó ṣe é. "Thou" ni ọ̀rọ̀ tí ó wà fún ẹnì kan láyé àtijọ́. "Ye" àti "you" wà fún ọ̀pọ̀. Láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹtàlá ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi arọ́pò-orúkọ ọ̀pọ̀ bọ̀wọ̀ fún ẹnì kan tí ó jẹ́ ọlọ́lá, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Faransé ti ń fi "vous" ṣe. Ọ̀wọ̀ náà tàn kálẹ̀ títí ó fi kan ọlọ́lá àti mẹ̀kúnnù, "thou" sì di ohun tí a ń bá pàdé nínú àdúrà àti lẹ́nu àwọn ará ìgbèríko díẹ̀. Ìdí nìyí tí ọmọ fi ń ké "you are" fún ẹnì kan lónìí. Àmì ọ̀pọ̀ ni "are" yẹn. Ọ̀wọ̀ ni ó gbé e dé ibi tí ó wà. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ọ̀pọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó kàwé ń sọ "you was" bí ó bá jẹ́ ẹnì kan ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, kí iye lè padà sí àyè rẹ̀. Robert Lowth, ẹni tí ó di bíṣọ́ọ̀bù London lẹ́yìn náà, bá wọn wí gidigidi nínú ìwé gírámà rẹ̀ ti 1762, "you were" sì borí. Ẹ̀kọ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni ìtàn yìí nínú kíláàsì. Ọmọ tí ó bá gbọ́ ọ yóò rí i pé "you are" àti "ẹ̀yin" jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, àti pé ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti dá ọ̀wọ̀ yìí dúró ni ẹni kejì: kò jẹ́ kí ó dé ọ̀dọ̀ ẹni kẹta.

Ọ̀ràn ọmọ Rẹ́mọ tún ní ẹ̀ka kan tí ti ọmọ Ọ̀yọ́ kò ní. Nínú iṣẹ́ tí Abíọ́dún Adétùgbọ́ fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Columbia ní 1967, ó wo àwọn ẹ̀ka èdè Yorùbá ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, ó sì pín wọn sí agbo ńláńlá. Agbo gúúsù-ìlà-oòrùn ni Ṣàgámù bọ́ sí, pẹ̀lú Oǹdó, Ọ̀wọ̀, Ìkálẹ̀ àti apá kan nínú Ìjẹ̀bú. Ọ̀kan nínú àwọn àmì tí a fi ń dá agbo yìí mọ̀ ni pé arọ́pò-orúkọ ẹni kejì ọ̀pọ̀ àti ti ẹni kẹta ọ̀pọ̀ ti di ọ̀kan: "àn án wá" lè jẹ́ "ẹ wá", ó sì lè jẹ́ "wọ́n wá". Àwọn onímọ̀ ti dá a lábàá pé ọ̀wọ̀ ni kò jẹ́ kí méjèèjì dàpọ̀ ní ìhà Ọ̀yọ́. Ẹni tí a ń bọ̀wọ̀ fún ní ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí a ń bọ̀wọ̀ fún lẹ́yìn rẹ̀, nítorí náà "ẹ" dúró láyè tirẹ̀, "wọ́n" sì dúró láyè tirẹ̀. Bí àbá náà bá tọ̀nà, ó jẹ́ pé ní ilé tí a ti ń sọ ẹ̀ka èdè àtijọ́ yìí dáadáa, Yorùbá inú ìwé gan-an ni ó kọ́kọ́ kọ́ ọmọ náà ní ìlànà tuntun nípa ẹyọ, ọ̀pọ̀ àti ọ̀wọ̀, kí "he goes" tó dé. Ẹ̀kọ́ méjì ni ó ń kọ́. Olùkọ́ tí ó rò pé ẹyọ kan ni yóò máa ṣe kàyéfì ìdí tí ọmọ fi ń rẹ̀.

Orúkọ ìlú náà pàápàá ń bi gírámà Gẹ̀ẹ́sì ní ìbéèrè. Ní 1872 ni ìlú mẹ́tàlá, Ọ̀fìn àti Màkún nínú wọn, kó ara wọn jọ sí ojú kan kí ogun má baà rí wọn gbé ṣe, tí a sì ń pe gbogbo wọn ní Ṣàgámù. Ṣé ẹyọ ni Ṣàgámù, àbí ọ̀pọ̀? Ní Yorùbá, ìbéèrè náà kò jẹ yọ: "Ṣàgámù dìde" ti tó. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ó gbọ́dọ̀ jẹ yọ. Àwọn ará Bìrìtéènì a máa wí pé "the committee are" bí ó bá jẹ́ àwọn ènìyàn inú ìgbìmọ̀ ni wọ́n ń wò, wọn a sì wí pé "the committee is" bí ó bá jẹ́ ìgbìmọ̀ lódindi. Ará Amẹ́ríkà kì í sáábà gba ti ìṣáájú. Ọmọ tí ó bá kọ "Sagamu are" nípa àwọn agbábọ́ọ̀lù ìlú rẹ̀ yóò rí máàkì gbà lọ́wọ́ olùkọ́ kan, yóò sì pàdánù rẹ̀ lọ́wọ́ èkejì.

Kí a sì má ṣe rò pé gbogbo ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń fi ìrù yìí sí ọ̀rọ̀-ìṣe. Nínú ìwé tí Peter Trudgill kọ ní 1974 lórí ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ará Norwich, ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó fi hàn pé "he go" ni ọ̀pọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìlú náà ń sọ. Kò sí ẹni tí ó wí pé odidi ìlú ni kò fara balẹ̀. Ṣùgbọ́n Norwich kò lè gba ọmọ Ṣàgámù lọ́wọ́ olùdánwò. Ohun tí a fi ń ṣe ìdánwò ni a gbọ́dọ̀ kọ́ ọmọ, ẹ̀sùn tí ó wà níbí kò sì ju ti ọ̀nà tí a ń gbà kọ́ ọ lọ. Ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970 ti fi ẹ̀rí hàn. Àwọn ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan tí olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n ń kọ́ wọn, kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì náà. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ. Síbẹ̀, ní ọ̀pọ̀ kíláàsì, a kì í mú "wọ́n" àti "they" jókòó pọ̀ sórí pátákó kan náà, kí ọmọ fi ojú ara rẹ̀ rí ibi tí wọ́n ti jọra àti ibi tí wọ́n ti pínyà.

Kì í ṣe ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ nìkan ni ọ̀ràn ẹyọ àti ọ̀pọ̀ ń dí lọ́nà. Abẹ́òkúta ni a bí Wọlé Ṣóyínká sí ní 1934, ṣùgbọ́n ọmọ Ìsarà ní Rẹ́mọ ni bàbá rẹ̀, olùkọ́ sì ni. Ìwé tí ó pè ní Ìsarà, tí ó jáde ní 1989, kún fún àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ bàbá rẹ̀, tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe ẹ̀ṣọ́ bí agbádá ọjọ́ ọdún. Kò sí ẹni tí yóò fura sí irú ọmọ ilé bẹ́ẹ̀ pé kò mọ ibi tí "s" ń gbé. Síbẹ̀, nígbà tí ó ń tú ìwé D. O. Fágúnwà ti 1938, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, sí Gẹ̀ẹ́sì, ojúde ìwé náà ni ó ti pàdé ìṣòro tí ọmọ Ṣàgámù ń pàdé nínú àròkọ.

Ọdẹ mélòó ni ó wà nínú àkọlé yẹn? Yorùbá kò wí. Kò sí "àwọn", kò sì sí "kan". Ẹni tí ó bá ka ìdajì àkọ́kọ́ ìwé náà yóò ní ọdẹ kan ni, nítorí Àkàrà-Ògùn nìkan ni ó ń wọ igbó tí ó sì ń jáde. Ẹni tí ó bá kà á dé ìrìn-àjò Òkè Láńgbòdó yóò rí Kàkó, Ìmọ̀dòye, Olóhùn-iyọ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, ògbójú gbogbo wọn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "ọdẹ", gba gbogbo wọn láìfún ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀. Bí ìwé ti ń gbòòrò ni àkọlé rẹ̀ náà ń gbòòrò, kò sì yí lẹ́tà kan padà.

The Forest of a Thousand Daemons: A Hunter's Saga ni àkọlé tí Ṣóyínká fún ìtumọ̀ rẹ̀ ní 1968. Ní apá kìíní, ìgboyà rẹ̀ yẹ fún ìyìn. Irínwó ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ rí nínú "Irúnmalẹ̀", ẹgbẹ̀rún sì ni Ṣóyínká kọ. Kò ṣìṣe. Irínwó lẹ́nu Yorùbá níbẹ̀ kì í ṣe iye tí a jókòó kà. Àìlóǹkà ni, ẹgbẹ̀rún sì ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń sọ àìlóǹkà. Ó jẹ́ kí iye tí kò ka nǹkan di iye mìíràn tí kò ka nǹkan.

Apá kejì ni ó ṣòro láti gbà. "A Hunter's" wí pé ọdẹ kan ni, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tí ó lọ sí Láńgbòdó. A lè gbèjà rẹ̀: Àkàrà-Ògùn ni ó ń sọ ìtàn fún akọ̀wé, nítorí náà ohùn ọdẹ kan ni a ń gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ó bá jẹ́ ti ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ni, Ṣóyínká jàre. Bí ó bá jẹ́ ti iṣẹ́ ọwọ́ tí a tìtorí rẹ̀ sọ̀rọ̀ ni, ó jẹ̀bi díẹ̀, nítorí iṣẹ́ tí ó tóbi jù nínú ìwé náà, àwùjọ ni ó ṣe é. "Ògbójú" náà sì ti sọnù lójú ọ̀nà, bóyá nítorí pé àkọlé Gẹ̀ẹ́sì kò lè ru ẹrù púpọ̀ tó bẹ́ẹ̀. A kò sì lè bá a jà sí ìyẹn.

Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé lẹ́tà kan náà ni ó tún jókòó sí àárín ọ̀ràn yìí. "S" tí ó wà nínú "Hunter's" kì í ṣe ti ọ̀pọ̀, kì í sì í ṣe ti ọ̀rọ̀-ìṣe. Ti ohun-ìní ni, iṣẹ́ kẹta nìyẹn. Bí ènìyàn bá ka "Hunter's" àti "Hunters'" sókè, etí kò lè mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Ààmì kékeré orí rẹ̀ ni ó sún síwájú tàbí sẹ́yìn. "A" tí ó ṣáájú nìkan ni ó sọ fún etí pé ọdẹ kan ni. Bí Ṣóyínká bá yọ "A" yẹn kúrò, tí ó sì sún ààmì náà síwájú díẹ̀, Kàkó àti Ìmọ̀dòye ìbá rí ibi jókòó lójúde ìwé náà.